ADÙN NÍ Í GBẸ̀YÌN EWÚRO
Bí a ṣe lè gba ahọ́n wa lọ́wọ́ ṣúgà

Àwọn baba wa a máa sọ pé ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run. Nígbà tí wọ́n ń pa òwe yìí, májèlé àti àsè ọ̀tá ni ọkàn wọn ń lọ sí. Bí wọ́n bá dìde lónìí, tí wọ́n sì rí iye ṣúgà tí ó ń gba ọ̀nà ọ̀fun àwọn ọmọ wọn kọjá láti òwúrọ̀ di alẹ́, wọn yóò tún òwe náà pa, wọn yóò sì mi orí wọn. Nítorí kò sí ọ̀tá kankan nínú ọ̀ràn yìí. Ọwọ́ ara wa ni a fi ń po ohun tí ń pa wá lára, ọ̀rẹ́ àti ojúlùmọ̀ ni wọ́n sì ń fi ìfẹ́ bù ú fún wa mu.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa ọ̀wọ́n, a kò jókòó láti bú ṣúgà. Ìṣòro tí a fẹ́ yẹ̀ wò lónìí ni ti ẹni tí ó ti mọ̀ pé ó tó àkókò kí òun dín ohun dídùn kù, tí ó ti pinnu bẹ́ẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, ṣùgbọ́n tí ó tún ti ń wá mílíìkì alágolo kiri kí ó tó di Ọjọ́rú. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ a máa dá ara rẹ̀ lẹ́bi pé òun kò ní ìkóra-ẹni-níjàánu. Àṣìṣe rẹ̀ ni pé ó ń bá ahọ́n jà bí ẹni pé ọ̀gá ni ahọ́n í ṣe. Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ lásán ni ahọ́n: ohun tí a bá kọ́ ọ ni ó mọ̀, ohun tí a bá sì fi sùúrù gbà kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, kò ní pẹ́ tí kò fi ní béèrè rẹ̀ mọ́.

NÍ ÀDÚGBÒ CISSIN

Kí ọ̀rọ̀ wa má ba à dà bí ìwàásù tí kò ní ilé, ẹ jẹ́ kí a gbé e kalẹ̀ sí ibì kan. Cissin jẹ́ àdúgbò ńlá kan tí èrò pọ̀ sí ní apá gúúsù Ouagadougou, olú-ìlú orílẹ̀-èdè Burkina Faso, èyí tí a mọ̀ sí Upper Volta kí wọ́n tó yí orúkọ rẹ̀ padà ní ọdún 1984. Ìlú àwọn Mossi ni Ouagadougou, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí àwọn oníṣòwò ọmọ Yorùbá ti ń ná ọjà ibẹ̀. Ọdún 1954 ni ojú irin tí ó ti Abidjan wá dé ìlú náà, tí ọ̀nà ọjà sì túbọ̀ là.

Ẹni tí ó bá mọ irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ yóò jẹ́rìí pé adùn kò jìnnà sí ẹnu níbẹ̀. Ní òwúrọ̀, àwọn ọkùnrin a jókòó sí orí bẹ́ǹṣì ní ìsọ̀ kékeré tí ó wà lẹ́bàá ọ̀nà, wọn a mu kọfí tí a fi mílíìkì olómi ṣúgà pò, wọn a sì fi búrẹ́dì sìn ín. Ní ọ̀sán oṣù Ẹrẹ́nà àti oṣù Igbe, nígbà tí oòrùn ibẹ̀ a máa kọjá ìwọ̀n 40, omi ìṣápá tútù ni ọmọdé àti àgbà ń wá kiri. Bissap ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Àwa ará ilé mọ̀ ọ́n sí sóbò. Bí àlejò bá sì wọ ilé Mossi, ohun tí a ó kọ́kọ́ gbé fún un ni zoom-koom, èyí tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ omi ìyẹ̀fun. Ìyẹ̀fun ọkà jéró ni a fi ń ṣe é, a ó fi atalẹ̀ àti àjàgbọn sí i, lóde òní a ó sì da ṣúgà lé e lórí. Nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú, àwọn ọ̀dọ́ a pagbo yí ìdáná eléèédú kékeré ká, wọn a máa da tíì láti òkè sínú ife wẹ́wẹ́ títí yóò fi hó, ìpele mẹ́ta ni wọ́n sì ń mu ún. Ìpele kìn-ín-ní korò, ìkejì rọ̀, ìkẹta dùn.

Kò sí èyí tí ó burú nínú àṣà wọ̀nyí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò. Ká ní ẹnì kan fi ṣíbí ńlá méjì mílíìkì alágolo sínú kọfí rẹ̀. Ìwọ̀n náà tó gíráàmù 40, ó sì lé díẹ̀ sí 40 nínú 100 ìwọ̀n mílíìkì náà tí ó jẹ́ ṣúgà tí ilé-iṣẹ́ dà sí i. Gíráàmù 17 nìyẹn. Ní ọ̀sán ó mu ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò kan tí a fi gíráàmù 35 ṣúgà ṣe. Lẹ́yìn náà ó mu omi ìṣápá tí a fi ṣíbí kékeré mẹ́rin ṣúgà sí, èyí jẹ́ gíráàmù 16. Ní alẹ́ ó mu ife tíì mẹ́ta, ṣíbí kékeré méjìméjì fún ife kọ̀ọ̀kan, gíráàmù 24. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 92, èyíinì ni ṣíbí kékeré 23. Ẹni náà kò tíì jẹ àkàrà òyìnbó kankan o, kò sì gbà pé òun fẹ́ràn ohun dídùn.

Ní ọdún 2015, Àjọ Ìlera Àgbáyé gba gbogbo ènìyàn níyànjú pé kí agbára tí ara wọn ń rí láti inú ṣúgà má ṣe tó 10 nínú 100. Fún àgbàlagbà tí oúnjẹ rẹ̀ mọ níwọ̀n, bíi gíráàmù 50 ni lójúmọ́. Wọ́n fi kún un pé bí a bá lè dín in kù sí gíráàmù 25, bíi ṣíbí kékeré mẹ́fà, yóò tún sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé oyin, ṣúgà pupa tàbí omi èso tí a fún sínú ìgò bọ́ lọ́wọ́ òfin yìí, nítorí inú ìṣirò kan náà ni gbogbo wọn wà.

OHUN TÍ Ó WÀ NÍBẸ̀ FÚN WA

Ẹlòmíràn lè wí pé, “Kí ni ṣúgà lè ṣe fún mi?” Eyín ni a ó fi bẹ̀rẹ̀. Àwọn kòkòrò inú ẹnu ń jẹ ṣúgà, wọ́n sì ń sọ ọ́ di omi kíkan tí ń gbẹ́ eyín. Lẹ́yìn eyín ni ara sísan wà, nítorí ohun dídùn tí a mu kì í yó ni bí oúnjẹ, ó kàn ń kún orí ohun tí a ti jẹ ni. Àrùn àtọ̀gbẹ ni ó wá le jù. Ìdílé ẹlòmíràn ni ó ti jogún rẹ̀, a kò sì lè di gbogbo ẹrù rẹ̀ ru ṣúgà nìkan. Síbẹ̀ ó dájú pé ẹni tí ó sọ ọtí ẹlẹ́rìndòdò di omi mímu rẹ̀ ti gba ọ̀nà tí àrùn náà ń gbà wá. Bí ó bá dé, ojú, kíndìnrín àti ẹsẹ̀ ni ó máa ń dojú kọ. Kí ẹni tí ó wà lẹ́yìn odi ro ohun tí èyí túmọ̀ sí: oògùn tí a ó máa rà títí ayé ní ìlú tí kì í ṣe tiwa, owó ọjà tí ó ń tán sí ilé oògùn, àti àwọn ará ilé tí ń retí owó tí kò wá mọ́.

Ìjọba Nàìjíríà pẹ̀lú ti fi ojú sí ọ̀rọ̀ náà. Nínú òfin ìṣúná ọdún 2021 ni wọ́n ti fi owó orí náírà mẹ́wàá lé lítà kọ̀ọ̀kan ohun mímu aláṣúgà. Ṣùgbọ́n owó orí kò lè bá ẹnikẹ́ni mú ṣíbí lọ́wọ́.

ṢÚGÀ ÀTI ÌRAN WA

Ìrèké kì í ṣe ọmọ bíbí ilẹ̀ wa. Láti erékùṣù New Guinea ni ó ti wá, àwọn ará Íńdíà ni wọ́n sì kọ́kọ́ mọ bí a ṣe ń se omi rẹ̀ di oníhóró. Nígbà tí àwọn Òyìnbó gbé e dé Bùràsíìlì àti Kúbà, ẹrú ni wọ́n fi gbìn ín. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí ogun ń tú ilẹ̀ Yorùbá ká, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ Yorùbá ni a kó lẹ́rú lọ sí oko ìrèké Kúbà, níbi tí a ti ń pè wọ́n ní Lukumí. Ọdún 1886 ni oko ẹrú tó dópin ní Kúbà, ti Bùràsíìlì sì tẹ̀ lé e ní ọdún 1888. Àwọn tí ó ṣe ṣúgà náà fi ẹ̀mí san owó rẹ̀ kí àwọn ẹlòmíràn lè mu tíì dídùn.

Lẹ́yìn náà ni ṣúgà wá bá wa nílé. Wọ́n dá ilé-iṣẹ́ Bacita sílẹ̀ lẹ́bàá odò Ọya ní ọdún 1961, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ṣúgà ní ọdún 1964. Ní ilẹ̀ Burkina, oko ìrèké ńlá wà ní Bérégadougou, nítòsí ìlú Banfora. Ohun tí ọba nìkan lè rà ní ayé àtijọ́ di ohun tí ọmọdé ń rà ní ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé.

Àwọn àgbà wa mọ iyì adùn. Níbi ìsọmọlórúkọ, a máa ń fi oyin tàbí ìrèké ṣe àdúrà pé kí ayé ọmọ náà dùn. Àwọn oníṣègùn òde òní tilẹ̀ kìlọ̀ pé kí oyin má ṣe kan ẹnu ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan, nítorí náà kí ìyá àti bàbá ọmọ tọ́ ọ wò dípò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ohun tí ó wà lórí àwo náà: orógbó wà níbẹ̀, ataare wà níbẹ̀, iyọ̀ sì wà níbẹ̀. Díẹ̀ ni a ń fi kan ẹnu nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn baba wa kò gbàdúrà kankan tí ó ní kí a máa fi oyin wẹ ẹnu láti òwúrọ̀ di alẹ́.

AHỌ́N ṢEÉ KỌ́

Ẹ̀rí wo ni a ní pé ahọ́n lè yí padà? Ẹ̀rí àkọ́kọ́ wà nínú igbó wa. Àgbáyun ni. Ẹni tí ó bá jẹ èso pupa kékeré yìí, tí ó sì fi ọsàn wẹ́wẹ́ kan ahọ́n lẹ́yìn rẹ̀, yóò rí i pé ọsàn náà dùn bí ẹni pé a fi oyin sí i. Ará Faransé kan, Chevalier des Marchais, rí i ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ní àwọn ọdún 1720, ẹnu sì yà á. Ní ọdún 1968 ni àwọn onímọ̀ tó yọ èròjà tí ń ṣe iṣẹ́ náà jáde. Kò sí ohun tí ó ṣe ọsàn náà: bí ó ti kan tẹ́lẹ̀ ni ó ṣe kan síbẹ̀. Ahọ́n ni ó yí padà. Adùn tí a rò pé inú oúnjẹ ni ó wà, ọwọ́ ahọ́n ni ìdajì rẹ̀ wà.

Ẹ̀rí kejì ti Philadelphia wá, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, láti ọ̀dọ̀ àwọn oníwàádìí Monell, tí wọ́n tẹ iṣẹ́ wọn jáde ní ọdún 2016. Wọ́n pín àwọn ènìyàn sí ọ̀nà méjì. Apá kan ń jẹun bí ti àtẹ̀yìnwá. Apá kejì dín ṣúgà kù ní 40 nínú 100 fún oṣù mẹ́ta, wọ́n sì fi oúnjẹ mìíràn dí àlàfo rẹ̀. Nígbà tí oṣù kẹta fi pé, àwọn tí ó dín in kù tọ́ oúnjẹ dídùn kan náà wò, wọ́n sì ní ó dùn ju bí ó ti ṣe lọ ní ẹnu àwọn ẹgbẹ́ wọn, ní nǹkan bí 40 nínú 100. Ìfẹ́ tí wọ́n ní sí adùn kò kúrò lára wọn o. Ohun tí ó yí padà ni pé díẹ̀ ti wá tó láti ṣe iṣẹ́ púpọ̀ ní ẹnu wọn.

Ẹ̀rí kẹta jẹ́ ti àwọn ọmọdé. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń fi ìwọ̀n pín ṣúgà fún àwọn ènìyàn. Oṣù kẹsàn-án ọdún 1953 ni wọ́n tó ṣí i sílẹ̀, tí iye tí wọ́n ń jẹ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Ìwádìí kan tí ó jáde ní ọdún 2024 fi àwọn tí a lóyún wọn tí a sì tọ́ wọn nígbà ìpín-ìwọ̀n wé àwọn tí a bí lẹ́yìn rẹ̀. Àtọ̀gbẹ dín ní bíi 35 nínú 100 láàárín àwọn ti ìṣáájú, ẹ̀jẹ̀ ríru sì dín ní bíi 20 nínú 100. Ohun tí a bá fi kọ́ ọmọ láti inú oyún títí di ọdún kejì rẹ̀, ọjọ́ ogbó rẹ̀ kò gbàgbé rẹ̀.

Ọ̀NÀ TÍ A Ó GBÀ

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹni tí ó ń fi ṣíbí mẹ́ta sí tíì, kí ó má ṣe fò dé òdo lọ́jọ́ kan. Kí ó mú ìdajì ṣíbí kúrò, kí ó sì dúró síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì títí ahọ́n yóò fi gbà pé bẹ́ẹ̀ ni tíì ń rí. Lẹ́yìn náà kí ó tún mú ìdajì mìíràn kúrò. Láàárín oṣù mẹ́ta yóò ti bọ́ lọ́wọ́ gbogbo rẹ̀, láìjẹ́ pé ó ja ìjà kankan. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọ ọgbà. Bí ó ti wọlé náà ni a ó ṣe lé e jáde.

Èkejì, kí a má ṣe fi ebi dá ahọ́n lẹ́jọ́. Ẹni tí ó fi búrẹ́dì lásán jáde ní òwúrọ̀ ni ohun dídùn ń pè ní agogo mẹ́wàá. Ẹ̀wà, ẹja, ẹyin, ẹ̀fọ́ àti ọkà tí kò pàdánù èèpo rẹ̀ a máa pẹ́ nínú. Ní Cissin, ẹ̀wà tí wọ́n ń pè ní benga kò wọ́n, ó sì ń yó ni ju kọfí aláṣúgà lọ.

Ẹ̀kẹta, kí a mu omi ṣáájú ohunkóhun. Nínú oòrùn bí ti Ouagadougou, òùngbẹ ni ó ń pe ènìyàn nígbà púpọ̀, adùn ni a sì fi ń dá a lóhùn. Bí a bá ti mu omi tán tí ọkàn ṣì ń fà sí i, kí a dúró díẹ̀, kí a fi iṣẹ́ dí ọwọ́. Ìfẹ́ adùn dà bí èjì òjò: ó máa ń le, ó sì máa ń dá.

Ẹ̀kẹrin, kí a jẹ èso dípò kí a mu omi rẹ̀. Mángòrò tí a fi eyín jẹ ń bọ̀ pẹ̀lú okùn àti ẹran ara rẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó lè fi ìrọ̀rùn jẹ márùn-ún. Ṣùgbọ́n omi márùn-ún lè wọ inú ife kan ṣoṣo.

Ẹ̀karùn-ún, kí a ṣọ́ra fún àwọn adùn àtọwọ́dá tí kì í ṣe ṣúgà. Ní ọdún 2023 Àjọ Ìlera Àgbáyé gbani níyànjú pé kí a má ṣe gbójú lé wọn láti fi dín ara sísan kù. Ọ̀rọ̀ àwọn tí ó ti ní àtọ̀gbẹ kò sí nínú ìmọ̀ràn náà. Bí ahọ́n bá ṣì ń gba adùn bí ti àná, kí ni ó fẹ́ kọ́?

Ìkìlọ̀ kan ṣe pàtàkì. Ẹni tí ó ti ń gba abẹ́rẹ́ tàbí tí ó ń lo oògùn àtọ̀gbẹ kò gbọdọ̀ yí oúnjẹ rẹ̀ padà lójijì láìsọ fún oníṣègùn rẹ̀, kí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ má ba à lọ sílẹ̀ jù. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá ń gbọ̀n, tí òógùn ń bò ó, ṣúgà ni oògùn rẹ̀ ní wákàtí náà.

BÍ A ṢE LÈ KỌ̀ LÁÌ ṢE ÀFOJÚDI

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀. Ènìyàn lè ṣẹ́gun ahọ́n rẹ̀ nílé, kí ojú àánú wá ṣẹ́gun rẹ̀ ní ilé onílé. A kì í dá ife àlejò padà láàárín Yorùbá, a kì í dá a padà láàárín Mossi pẹ̀lú. Bí ìyá àgbà bá gbé zoom-koom jáde, àfojúdi ni kí ọmọdé yí orí kúrò.

Ọ̀nà àbáyọ wà nínú igbá náà fúnra rẹ̀. Ìyẹ̀fun ọkà ní adùn tirẹ̀, àjàgbọn ní ìkan, atalẹ̀ ní ata. Kí ẹni tí ó wọlé tètè sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ kí wọ́n tó po ohun mímu, kí ó sì sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀: “Ìyá, ẹ ṣeun púpọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ṣúgà sí tèmi. Atalẹ̀ yín ni mo fẹ́ gbádùn.” Lẹ́yìn náà kí ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, kí ó wí pé “barka”, bí àwọn Mossi ti ń dúpẹ́, kí ó sì mu ún níṣojú wọn. Ìyá tí a yin atalẹ̀ rẹ̀ kò ní bínú. Ní ìdí tíì alẹ́ ńkọ́? Kí ó gba ìpele kìn-ín-ní bí wọ́n bá lè bù tirẹ̀ kí ṣúgà tó wọ inú ìkòkò, kí ó sì jókòó bá wọn sọ̀rọ̀ di ìpele ìkẹta. Àgbájọ ni wọ́n ń wá, kì í ṣe ṣúgà tí ó mu.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gba àlejò pẹ̀lú, ẹ ran ọmọnìkejì yín lọ́wọ́. Ẹ gbé ṣúgà sí ẹ̀gbẹ́, kí oníkálùkù bu ìwọ̀n tirẹ̀. Nígbà àwẹ̀ Ràmàdánì, ẹ jẹ́ kí dàbínù àti èso ṣáájú, kí omi tẹ̀ lé e, kí ẹ̀kọ gbígbóná má sì gba ju ṣúgà díẹ̀ lọ. Ẹ̀yin ìyá ọmọ, ẹ má ṣe fi ohun dídùn pa ọmọ lẹ́nu mọ́ nígbàkigbà tí ó bá sunkún, nítorí ẹ̀kọ́ ni ẹ ń kọ́ ahọ́n rẹ̀.

Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ jẹ ewúro tí a kò fọ̀ dáadáa yóò fa ojú ro. Ṣùgbọ́n bí ó bá mu omi lé e, yóò rí i pé adùn kan ń jáde láti ìsàlẹ̀ ahọ́n, adùn tí kò ti inú àpò ẹnikẹ́ni wá, tí a kò sì fi ẹrú gbìn. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ àkọ́kọ́ ni yóò korò. Lẹ́yìn rẹ̀ ni mángòrò yóò bẹ̀rẹ̀ sí í dùn bí mángòrò, tí omi tútù yóò dùn bí omi, tí tíì tí a ń mu tẹ́lẹ̀ yóò sì dà bí omi ìrèké ní ẹnu wa. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní alẹ́ òní pẹ̀lú ìdajì ṣíbí.